Wọ́n Fi Sàréè Bàbá Gba Ilé Lọ́wọ́ Mi

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí Kabba ò tóbi, tí mo bá fi lè dárúkọ àdúgbò báyìí àwọn èèyàn ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ Tuesday tó ń bọ̀ yìí wọ́n máa pè mí jáde ní kọ́ọ̀tù, màá gbé Bíbélì sọ́wọ́, màá búra pé òótọ́ ni màá sọ... mi ò sì tíì mọ̀ bóyá òótọ́ náà ni màá sọ. Láti ọdún kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, lọ́yà tó ń bá mi ṣe ẹjọ́ gan-an, irọ́ ni mo pa fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Wọ́n dalẹ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ló dalẹ̀ mi, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó fojú mi rí tí inú ò ní bí... ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ ọwọ́ tèmi, òun ló ń dà mí láàmú.

Ẹ jẹ́ n pe ọ̀rẹ́ mi yìí ní Dúpẹ́. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Láti fọ́ọ̀mù wáànù la ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, òun ló dúró tì mí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá mi ò lè wá. Bàbá ẹ̀, gbogbo èèyàn ń pè é ní Bàbá Kàdúná, torí pé rélùwéè ni wọ́n ṣe ní Kàdúná títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Aiyetoro-Gbede ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, ìyàwó wọn tó ti kú jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, àwọn ọmọ pín sọ́tùn-ún sósì, kò sì sẹ́ni tó ń jà sí i nínú ilé yẹn. Kabba níbí ni wọ́n kọ́lé sí, ilé gígùn olójú-kojú tó ní rúùmù méjìlá, àgbàlá ńlá wà lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú igi káṣú mẹ́ta, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti máa ń wá ilé gbé. Bàbá yìí fẹ́ràn mi. Tí wọ́n bá rí mi lókèèrè báyìí wọ́n á ti máa kí mi bí àwa ará ibí ṣe ń kíra, okun o, okun o, kí n tó kúnlẹ̀ tán wọ́n á ní haba, dìde ọmọ mi, ilẹ̀ ti dọ̀tí. Mi ò ní bàbá mọ́ láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ní ọdún tó ṣáájú kòrónà, mo gba rúùmù mẹ́wàá nínú ilé yẹn fún ọdún mẹ́wàá, Bàbá fi méjì tó wà níwájú sílẹ̀ fún ara wọn. Mo fẹ́ fi ṣe họ́sítẹ̀lì fún àwọn sítúdẹ́ǹtì. Gírátúítì ọkọ mi, tó ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, ló bá a lọ, ó kó gbogbo ẹ̀ fún mi, kò tiẹ̀ béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. A kọ àgírímẹ́ńtì o, ẹ má rò pé mo gọ̀. Bàbá fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, Dúpẹ́ fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Nǹkan méjì wà nínú ìwé yẹn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ilé yẹn, sítúdẹ́ǹtì nìkan ni mo lè fi sí i, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ilé ọtí. Èkejì, tí ìyanṣẹ́lódì, àṣẹ ìjọba tàbí àìsàn bá dá iṣẹ́ ilé yẹn dúró ju oṣù méjì lọ, èyíkéyìí nínú wa lè kọ lẹ́tà pé òun ò ṣe mọ́, kí a sì túká. Èmi ni mo ní kí lọ́yà fi ìyẹn sí i, torí pé mo mọ bí ìyanṣẹ́lódì ṣe máa ń ti àwọn ilé ìwé wa. Mo ṣáà ń dáàbò bo ara mi. Mo gbẹ́ bóòhóòlù, mo kun ilé, káfíńtà kan ní Iyara ló kan gbogbo bẹ́ẹ̀dì fún mi, ogún bẹ́ẹ̀dì, èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà họ wọ́n kí igi má baà gún ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pé, kòrónà dé. Ìjọba ní kí gbogbo iléèwé ṣíwọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ilé mi ti dá páro. Àwọn ọmọ yẹn fi sítóòfù sílẹ̀, wọ́n fi gààrí sílẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ń lọ. Ewúrẹ́ àdúgbò ló wá ń sùn ní kọ́rídọ̀ mi. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì pé, ó tún lé, mo tọ lọ́yà lọ. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, mo ṣì rántí bó ṣe fi ìbòmú sí àgbọ̀n tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní òfin kan wà pé tí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì ò fọwọ́ fà bá ṣẹlẹ̀, tó sì sọ ohun tí a torí ẹ̀ ṣe àdéhùn di èyí tí kò ṣeé ṣe mọ́, àdéhùn yẹn lè kú fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má gbọ́kàn lé ìyẹn, torí pé ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀, ilé ṣì dúró síbẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni mo gbà á, adájọ́ á kàn sọ pé oṣù mélòó kan kò tó ohun tó máa pa ọdún mẹ́wàá. Ó ní èyí tó dára jù ni èyí tí mo ti fi ọgbọ́n orí kọ sínú ìwé, pé kòrónà ti dá iṣẹ́ dúró ju oṣù méjì lọ, kí n kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì dá ìyókù owó mi padà. Ọjọ́ yẹn náà ló tẹ lẹ́tà yẹn fún mi. Mo fọwọ́ sí i, mo fi í sínú báàgì mi.

Bí mo ṣe ń múra láti lọ fún wọn, Dúpẹ́ wọlé. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kíṣínì mi, èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ń sunkún. Ó ní ara Bàbá ò yá, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ wọ́n lára gan-an, páànù ilé àti iṣẹ́ abẹ ojú Bàbá ni owó yẹn ti bá lọ, tí mo bá mú lẹ́tà yẹn wá, òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn tí ìfúnpá wọn ò ní gbé wọn lọ. Ó ní kí n fara dà á. Ó búra fún mi, ó fi ọmọ bíbí inú ẹ̀ búra, pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé yẹn títí ọdún mẹ́wàá mi á fi pé, pé gbogbo oṣù tí kòrónà bá jẹ, wọ́n máa fi lé e níparí. Ṣé mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀? Mi ò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń ní kí Dúpẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀? Mo gbé e dìde, mo nu ojú ẹ̀, mo mú lẹ́tà jáde nínú báàgì, mo fi há abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn mo ń gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá, torí pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti sún mọ́ arúgbó. Abẹ́ káṣú lẹ́yìn ilé la máa ń jókòó sí, àga wọn lọ́hùn-ún, tèmi níhìn-ín, wọ́n á máa sọ ìtàn rélùwéè fún mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo inú àgbàlá yẹn yíká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n má fi mí sílẹ̀ ní Kabba o. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo fẹ́ sùn sí." Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ ara àwọn ṣán ibẹ̀, ní Aiyetoro, pé àbúrò àwọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Aiyetoro mọ ojú ibẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún Dúpẹ́, torí tí àwọn bá ti mẹ́nu ba ikú lójú Dúpẹ́ báyìí, ẹkún ló máa ń sun. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá, màá sọ fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Mo kàn ń dúró de ìgbà tí ojú Dúpẹ́ á rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni káfíńtà mi láti Iyara pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ ọkùnrin méjèèjì, ọ̀kan ní Àbújá, èkejì ní Kàdúná, ń wá ẹni tó máa ra ilé Bàbá, pé ẹnì kan tiẹ̀ ti wá wò ó látojú títì. Mo bi Dúpẹ́, ó ní irọ́ ni, ó ní ta ló máa ta ilé lójú Bàbá láyé. Lójú Bàbá láyé... gbólóhùn yẹn ni mo mú lọ sùn. Tí Bàbá ò bá sí láyé mọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá rà á, ṣé á mọ àgírímẹ́ńtì tèmi? Ẹ rántí pé gírátúítì ọkọ mi ló wà nínú ilé yẹn, gbogbo iṣẹ́ tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe.

Bàbá kú láàárọ̀ ọjọ́ Friday kan, ní àkókò tí ìjọba ti ẹnu ọ̀nà Kabba pa, tí wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé tàbí kó jáde. Kì í ṣe kòrónà, wọ́n kàn sùn, wọn ò jí. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ sin wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Lémọ́ọ̀mù àti àwọn bíi mẹ́fà ti dé pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, àwọn ẹ̀gbọ́n wà lórí fóònù, wọn ò lè wá, Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó ní ọ̀nà Aiyetoro ti dí, báwo ni òun ṣe máa ṣe é. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lábẹ́ òkè lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ń wo Dúpẹ́, Dúpẹ́ ń wo èmi. Ibi tí mo ń bọ̀ láti òkè nìyí. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé ẹnu sí etí ẹ̀, mo ní ilé wọn rèé, wọ́n fi òógùn wọn kọ́ ọ, kí ni wọ́n ń gbé wọn lọ sáàárín àjèjì sí, kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá sùn sábẹ́ káṣú wọn. Dúpẹ́ dì mọ́ mi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹ̀gbọ́n bíi pé òun ló rò ó, àwọn yẹn ní kó dára, kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin wọ́n.

Ṣé ẹ ti mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́? Nílẹ̀ wa níbí, tí onílé bá ti wà nínú ilẹ̀ ilé ẹ̀, ta ló máa dá owó lé e? Ọmọ wo ló máa la ojú sílẹ̀ ta bàbá ẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé? Mo ti rò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe pé ó bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo rò pé tí Bàbá bá ti wà lábẹ́ káṣú yẹn, ilé ò ní ṣeé tà mọ́, ọdún mẹ́wàá mi á sì fìdí balẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ní ó dí yẹn náà ńkọ́? Mo ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, mo máa ń fún un ní oúnjẹ. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́ nítorí òkú, á jẹ́ kí ọkọ̀ kan kọjá. Aiyetoro ò jìnnà. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, mo sì ń bá wọn sunkún, ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́ o, mo fẹ́ràn Bàbá... mo sì panu mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Iléèwé wọlé padà, àwọn ọmọ mi padà wá, méjì ló lọ torí sàréè, àwọn ìyókù ní àwọn ò bẹ̀rù òkú, Bàbá Kàdúná ló máa ń fún àwọn ní káṣú jẹ. Ilé tún kún. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀ràn ti tán. Ni ẹnì kan bá mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Lokoja. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan nínú rúùmù kẹta, mo kà á. Wọ́n ní àgírímẹ́ńtì wa ti parí. Ìdí àkọ́kọ́, wọ́n ní kòrónà dá iṣẹ́ ilé dúró ju oṣù méjì lọ, àgírímẹ́ńtì sì fún ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì láyè láti fòpin sí i. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tèmi! Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ní kí wọ́n kọ, èyí tí mo ṣàánú wọn tí mi ò lò, tí lẹ́tà ẹ̀ ń jẹrà lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì mi, òun ni wọ́n gbé kò mí lójú. Ìdí kejì, wọ́n ní olórí ẹbí ti sùn sínú ilé náà, ilé ti di ilé ìrántí, kò bójú mu kí àjèjì máa sanwó gbé lórí bàbá wọn, torí náà ohun tí a torí ẹ̀ háyà ilé ò ṣeé ṣe mọ́, àdéhùn ti kú fúnra ẹ̀. Owó mi tó kù, wọ́n máa wo ohun tí wọ́n lè ṣe sí i bí Ọlọ́run bá bùkún wọn. Orúkọ mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ti Dúpẹ́ ló wà lókè pátápátá. Mo mọ bó ṣe máa ń fa ìrù ìbuwọ́lùwé ẹ̀, láti fọ́ọ̀mù wáànù ni.

Mo lọ bá a. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí o, kò tiẹ̀ dìde. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo inú igbá, ó ní ẹbí ló pinnu, òun jẹ́ obìnrin, kí ni òun lè ṣe. Mo bi í pé ìbúra tó fi ọmọ ẹ̀ bú ńkọ́. Ó ní kí n má fa ọmọ òun wọ ọ̀rọ̀ ilé. Kí n má fa ọmọ ẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ géètì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kó ẹrù. Mo gbà pé bóyá lóòótọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ bàbá wọn ló jẹ wọ́n lọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún Ọlọ́run. Àfi ìgbà tí iléèwé tún wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo ń kọjá lórí ọ̀kadà, mo rí pátákó tuntun lẹ́nu géètì: rúùmù wà fún sítúdẹ́ǹtì. Nọ́ńbà fóònù Dúpẹ́ ló wà níbẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wọlé. Àwọn ọmọ kún inú ilé, orí bẹ́ẹ̀dì tí mo họ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ti fi táìlì aláwọ̀ búlúù bo sàréè Bàbá, ó ń dán, àwọn ọmọ sì sá kóòtù funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ láàbù sórí ẹ̀, wọ́n sá ṣòkòtò, wọ́n sá nǹkan abẹ́. Àjèjì tí kò gbọdọ̀ sanwó lórí bàbá wọn. Mo ké mọ́ wọn, mo kó gbogbo aṣọ yẹn sílẹ̀, àwọn ọmọ rò pé orí mi ti dàrú. Mo jókòó sórí táìlì yẹn, mo sunkún débi pé ẹnì kan nínú wọn lọ bu omi wá fún mi.

Òun ló gbé wa dé kọ́ọ̀tù. Ó ti lé lọ́dún kan. Lọ́yà mi ní ẹjọ́ mi dára. Ó ní ti kòrónà yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí pé nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn, iléèwé ti wọlé, ilé ti kún, àìsàn ò dá nǹkan kan dúró mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n lè dì mú ni sàréè. Ó wá ní òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fọwọ́ ara ẹ̀ fa ohun tó ba àdéhùn jẹ́, kó tún wá sọ pé ohun yẹn ló pa àdéhùn. Tó bá jẹ́ pé ẹbí fúnra wọn ló yan ibẹ̀ láti sin Bàbá, wọn ò lè fi lé mi jáde. Ó wá gbé bírò, ó wò mí lójú, ó ní madam, ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n sin wọ́n síbẹ̀? Mo ní àwọn ẹbí ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó dára, ọjọ́ tí mo bá dúró níwájú adájọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òun máa bi mí nìyẹn.

Dúpẹ́ náà ti kọ àfídáfíìtì tiẹ̀. Lọ́yà kà á fún mi létí. Ó búra pé bàbá àwọn ló fẹnu ara wọn sọ pé inú ilé àwọn ní Kabba ni kí wọ́n sin àwọn sí, pé ìfẹ́ òkú ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹbí. Ṣé ẹ rí i báyìí? Dúpẹ́ mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́ sí òun létí. Kò dárúkọ mi, mi ò mọ̀ bóyá ojú ń tì í tàbí ó ń dúró de ìgbà tí lọ́yà wọn máa yọ ọ́ sí mi. Ó kàn gbé ọ̀rọ̀ tèmi sẹ́nu òkú. Èmi nìkan ni mo sì lè já irọ́ yẹn, torí pé èmi ni Bàbá sọ ọ́ fún kẹ́yìn kí wọ́n tó kú, pé Aiyetoro ni wọ́n ṣì fẹ́. Tí mo bá sọ ọ́, àfídáfíìtì ẹ̀ ya nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn máa dìde. Á ní madam, o mọ ibi tí Bàbá fẹ́, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ta wá ló ní kí wọ́n sin wọ́n sábẹ́ káṣú? Kí ni màá wí?

Mo kúkú lọ sí Aiyetoro-Gbede lóṣù tó kọjá. Lọ́yà ló rán mi, ó ní kí n wá ẹni tó lè jẹ́rìí sí ibi tí Bàbá fẹ́. Màmá Aiyetoro ti di arúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, síbẹ̀ wọ́n ní dandan kí a jọ lọ wo ibẹ̀. Okun, okun ni wọ́n ń kí mi bí a ṣe ń rìn lọ, bíi pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ńlá. Ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ṣì ń ṣán an. Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá wọn, àyè bí ènìyàn kan ṣoṣo, wọn ò jẹ́ kí koríko hù sí i. Wọ́n ní lójoojúmọ́ ni àwọn ń bi Ọlọ́run ohun tí àwọn ṣe tí ẹ̀gbọ́n àwọn fi yí ìpinnu padà, tí wọ́n fi kọ ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn, torí pé Dúpẹ́ ti sọ fún àwọn pé Kabba ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ṣé wọn ò sọ nǹkan kan fún ọ?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, níbi tí mo dúró sí, ní ẹsẹ̀ àyè Bàbá gan-an. Wọ́n ní ó dáa, ọmọ mi, kí Ọlọ́run san án fún ẹ, wọ́n sì fún mi ní iṣu méjì pé kí n mú lọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi jẹ iṣu yẹn, ó ń gbàdúrà fún wọn. Mo ti ń bú Dúpẹ́ láti ọdún méjì, mo ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ náà ni, mi ò yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹ́ bú u, ohùn ara mi ni mo ń gbọ́, rárá, Màmá... Tí mo bá sọ òótọ́, ilé lè lọ, gírátúítì ọkọ mi lè lọ, Màmá á sì mọ̀ pé èmi tí wọ́n ń ṣàdúrà fún ni mo dá ẹ̀gbọ́n wọn dúró sí Kabba. Tí mo bá dákẹ́, bóyá màá borí ẹjọ́, bóyá mi ò ní borí, ṣùgbọ́n arúgbó yẹn á kú pẹ̀lú èrò pé ẹ̀gbọ́n wọn kọ ìyá wọn sílẹ̀. Ṣé kí n lọ bá lọ́yà kó tó di Tuesday, kí n jẹ́wọ́? Ṣé kí n lọ bá Dúpẹ́, kí àwa méjèèjì jọ sọ ọ́? Ṣé òun á tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi? Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ṣé ẹni tó bá sọ irú òótọ́ yìí á ṣì rí nǹkan gbà padà? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ òfin, ẹ sọ ti ọkàn yín fún mi.

Màmá pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn máa wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Tuesday, àwọn ti bá ẹni tó máa gbé àwọn wá sọ̀rọ̀, etí àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, kí n bá àwọn gba àga iwájú pátápátá, kí àwọn lè gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo ní kò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Tuesday. Kí ni kí n sọ?